Kàlẹ́ńdà Mẹ́ta Lọ́wọ́ Aláìsàn Kan

Bí ẹnìkan bá ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ wa lónìí, tó jẹ́ pé ìlú mìíràn ni ẹ̀rọ ìtọ́jú náà wà, tó sì jẹ́ pé adójútòfò ìlera ló máa san owó rẹ̀, kàlẹ́ńdà mẹ́ta lẹ máa bá lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni ti ara rẹ̀: ọjọ́ tí dókítà dá fún un, tí oògùn tàbí ìtànṣán gbọ́dọ̀ wọ ara. Èkejì ni ti ọ̀nà àti ẹ̀rọ: ọjọ́ tó máa wọkọ̀, ibi tó máa sùn, àti bóyá ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ tó bá débẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ìwé: ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa fọwọ́ sí i, àti ọjọ́ tí ìfọwọ́sí náà máa kú. Kálukú wọn ló ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa lónìí ni pé àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dá wọn sílẹ̀, ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fún ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ la wá gbé iṣẹ́ síso wọ́n pọ̀ lé lórí.

Ẹ̀yin tó ti ń ka ojú-ewé yìí bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé èmi kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Dókítà ti ìwé ni mí. Èdè ni mo fi gbogbo iṣẹ́ ayé mi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ẹbí mi, mo sì ti fi oṣù púpọ̀ kàwé lórí rẹ̀. Ibi tí ó mọ́ mi lára ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nínú èdè.

Ọjọ́ dídá kì í ṣe nǹkan tuntun

Yorùbá mọ ọjọ́ dá. À ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó, à ń dá ọjọ́ ìsìnkú, a sì ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọjọ́ tí a bá dá: ọjọ́ lè pé, ọjọ́ lè kọjá, àdéhùn lè yẹ̀. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ wà nínú kíkà. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọjà tó ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ní ọjà ọrún. Ìdí nìyí náà tí ìtàdógún fi jẹ́ ọjọ́ 17 nínú kíkà àwọn bàbá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ 16 ni ìpàdé tún máa ń yípo. Ẹgbẹ́ ń fi ìtàdógún ṣe ìpàdé, wọ́n ń fi í dá èsúsú. Ẹni tí kò bá wá, ìpàdé ò dúró dè é. Ìtàdógún tó ń bọ̀ ti wà níbi tó wà.

Àwọn adáhunṣe náà ń dá ọjọ́. Wọ́n á ní kí aláìsàn padà wá ní ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ keje. Bí àìsàn bá le, pàápàá àìsàn orí, aláìsàn á kó wá sílé oníṣègùn, ẹbí rẹ̀ kan á sì bá a wá láti máa dáná fún un. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ẹni tó dá ọjọ́ ni ẹni tó ń tọ́jú, òun náà ló gba aláìsàn sílé, òun náà ló ń bá ẹbí dúnàá-dúrà lórí owó. Kàlẹ́ńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. N ò sọ pé wọ́n ń wo jẹjẹrẹ sàn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí wọ́n bá máa sún ọjọ́, ẹnìkan ló máa sún un, ó sì mọ ohun tí sísún náà lè dá sílẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ara

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé wọn ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ká máa lọ sílé ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X ní Jámánì. Kò pẹ́ rárá tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án sí kókó jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Kókó ń yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ ara ń jóná, ẹran tó yí kókó náà ká sì ń bàjẹ́.

Claudius Regaud, ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Radium ní Paris, níbi tí Marie Curie náà wà, lo àgbò láti wá ìdáhùn. Ó fẹ́ fi ìtànṣán sọ àgbò di èyí tí kò lè gùn mọ́ kó mú oyún wá. Bó bá tan gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, awọ kórópọ̀n á bó kí iṣẹ́ tó yọrí. Nígbà tó pín in sí ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ yọrí, awọ sì wà níbẹ̀. Regaud rò ó pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú àtọ̀ jáde máa ń pọ̀ sí i kíákíá bíi ti jẹjẹrẹ, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbò lè ṣẹlẹ̀ sí kókó. Ní àwọn ọdún 1920, Henri Coutard, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi ọgbọ́n yìí tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún wọn, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn kan nínú wọn sì sàn. Yorùbá ti ní in lẹ́nu tipẹ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Láti ibẹ̀ ni àṣà ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ ti wá, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká di ibí yìí mú dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ìtànṣán ìgbà 25 kì í ṣe ìtọ́jú 25. Ìtọ́jú kan ni, tí a gé sí ọ̀nà 25 kí ara lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ní 1988, Rodney Withers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Wọ́n rí i pé bí ìtọ́jú bá ti wọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù máa ń yára pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìtọ́jú bá fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ ń jẹ nínú agbára ìtànṣán tí aláìsàn ti gbà. Nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí gbogbo ìtànṣán, ti ìta ara àti èyí tí wọ́n ń fi sínú ara, parí láàrin ọ̀sẹ̀ 8, ìyẹn ọjọ́ 56.

Oògùn tí a ń fà sí ojú iṣan náà ní ìdí tirẹ̀. Àwọn oògùn yìí ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń yára pọ̀ nínú ara. Mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáájú ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀jẹ̀ funfun bá sì lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á ní kí aláìsàn lọ sinmi ná. Ara fúnra rẹ̀ lè sún ọjọ́. Bí ara bá sún un, dókítà mọ ìdí, ó sì mọ ohun tó kàn.

Kàlẹ́ńdà ọ̀nà àti ẹ̀rọ

Nínú ìtàn jẹjẹrẹ ní Áfíríkà, ìrìnàjò kan wà tó jẹ́ pé dókítà ló rìn ín. Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, ti kọ̀wé ní 1958 nípa kókó kan tó máa ń wú ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Ní 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wọ ọkọ̀ Ford àlòkù kan, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 10 rin nǹkan bí máìlì 10,000 ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Ilé ìwòsàn tó lé ní 50 ni wọ́n yà sí, wọ́n ń bi àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n ti rí irú kókó yẹn rí. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ti ìrìnàjò náà bọ̀ fi hàn pé ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀ ni àìsàn náà wà.

Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yẹn. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù tó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́-abẹ níbẹ̀, wà lára àwọn tó fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àìsàn tí Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀, tí àwọn kan fi sàn. Ní 1972, ó wà lára àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ Lasker fún iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé àlejò ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ sọ fún un pé kó lọ ka ìtàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti Ìbàdàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. George Edington àti Una Maclean tẹ ìṣirò tí wọ́n ṣe láàrin 1960 sí 1963 jáde ní 1965. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí jẹjẹrẹ ń ṣe nínú ìlú kan gbọ́dọ̀ mọ iye tó ń gbé ìlú náà, nítorí náà àwọn tó ń gbé Ìbàdàn ni wọ́n fi ṣírò. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá tọ́jú ara rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí nínú ìṣirò ìlú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni arìnrìnàjò ti jẹ́ ẹni tí kò rọrùn láti kà.

Ẹ̀rọ ìtànṣán ló wá sọ ìrìnàjò di ọ̀ranyàn. Ní 1951, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń lo kóbáàlì tọ́jú aláìsàn. Ìtọ́jú ìtànṣán dé LUTH ní Èkó ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1960, ó dé UCH ní àwọn ọdún 1980. Kóbáàlì ní ànfààní kan: kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé iná mànàmáná tó dúró ṣinṣin. Ó sì ní àléébù kan: agbára rẹ̀ ń dín kù fúnra rẹ̀, láìkù síbì kan. Láàrin ọdún 5 àti oṣù 3, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Nígbà náà, aláìsàn tó ń dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tẹ́lẹ̀ máa dùbúlẹ̀ fún mẹ́rin kó tó gba iye kan náà. Ẹ wá sọ ìyẹn di gbogbo àwọn tó tò síta. Bí kò bá sí owó láti pààrọ̀ kóbáàlì, ìlà á gùn, ilẹ̀ á ṣú kó tó kan ẹlòmíràn, ẹni tó sì ti ìlú mìíràn wá ò ní rí ọkọ̀ padà sílé mọ́.

Àwọn ẹ̀rọ òde òní kò lo kóbáàlì. Iná ni wọ́n ń lò, wọ́n fẹ́ iná tó dúró, wọ́n fẹ́ ìtutù, wọ́n sì fẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà nítòsí. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tuntun ní LUTH, èyí tí àjọ NSIA tó ń bójútó owó ìfipamọ́ ìjọba àpapọ̀ ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé lórí. Ó ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé ní Ìlá tàbí Ìkàrẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ dé ìlú ńlá, kó sì wá ibi tó máa sùn fún ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún. Àwọn kan ní ẹbí níbẹ̀. Àwọn kan ń sùn sí ilé ìjọsìn, àwọn kan ń gba yàrá. Owó yàrá àti owó ọkọ̀ kì í sí nínú ohun tí adójútòfò ń san.

Kàlẹ́ńdà ìwé

Ìmọ̀ràn pé kí Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera ti pẹ́. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, nígbà tí Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Ọdún yẹn kan náà ni wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì fi Májẹ̀kódùnmí yìí kan náà ṣe alábòójútó ní Ìbàdàn. Ètò náà kò di òfin títí di 1999, wọn ò sì fi lọ́lẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2005. Ọdún 43 ni ìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n dá a lábàá ti lè ní ọmọ-ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà láàrin náà ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn 1979, ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ti ń ṣèjọba, ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò mẹ́rin tí wọ́n fi ṣe ìpolongo. Àwọn ojúgbà mi rántí: káàdì lẹ máa gbà, ẹ máa tò. Kò sí ẹni tó ń béèrè kóòdù. Àwọn ológun gbàjọba ní òpin 1983, SAP dé ní 1986, a sì padà sí sísan owó láti inú àpò ara wa. Ìgbà tí adójútòfò fi máa dé, ìran kan ti dàgbà tó mọ̀ pé bí o kò bá lówó lọ́wọ́, má wulẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń dúró láàrin aláìsàn àti ọsibítù ni à ń pè ní HMO. Amẹ́ríkà ni orúkọ yẹn ti wá. Dókítà kan tó ń jẹ́ Paul Ellwood ló dá a ní 1970, Ààrẹ Nixon sì fọwọ́ sí òfin HMO ní 1973. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: kí a san owó sílẹ̀ ṣáájú, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fẹ́ kí ara wa le, dípò kí ó máa dúró de ìgbà tí a bá ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó di owó mú gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ bó ṣe ń jáde, láti ibẹ̀ sì ni "ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é" ti gbilẹ̀.

Bí tiwa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọsibítù kékeré tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí ń gba iye kan lórí yín lóṣooṣù, yálà ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ ò ṣàìsàn. Owó orí ni ká pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà fún nǹkan mìíràn tí gbogbo wa ń sá fún. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé pé kí ẹ lọ sí ọsibítù ńlá. Ọsibítù ńlá máa ń béèrè kóòdù láti ọ̀dọ̀ HMO, nítorí kóòdù yẹn ni wọ́n máa fi gba owó wọn. Kóòdù ní iye ohun tó kárí, ó sì ní ọjọ́ tó máa kú. Fún ibà, fún iṣẹ́-abẹ kan, ètò yìí mọ́gbọ́n wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló bá mu.

Òfin tuntun dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ní kí a dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ó dára. Ṣùgbọ́n ènìyàn púpọ̀ sí i ló máa wọ inú ètò tí a fi ọwọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. "Adójútòfò": a, dójú, ti, òfò. Ohun tó ń dójú ti òfò. Fáwẹ̀lì "ti" pajẹ níwájú "òfò", ó di "tòfò". Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí mọ Yorùbá. Kò sọ pé ohun tó ń dènà òfò, torí kò sí ẹni tó lè dènà àìsàn. Ó ní òfò máa dé, ojú á sì tì í, torí pé ó bá wa ní ìmúra. Ó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ yìí wọn ètò náà: ta ni ojú ń tì níwájú kàǹtà, ṣé òfò ni àbí aláìsàn? Bó bá jẹ́ aláìsàn, òfin ìpajẹ kan náà ló máa fún wa ní orúkọ tó tọ́ sí i: adójútaláìsàn.

Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọlura

Àbúrò mi obìnrin, olùkọ́ ilé-ìwé tó ń gbé ní Ìlá, ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ó ní adójútòfò. Ètò tí dókítà ṣe fún un mọ́lẹ̀ kedere: ìtànṣán ìta ìgbà 25 láàrin ọ̀sẹ̀ 5, lẹ́yìn náà ti inú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, ọjọ́ 51 ló máa parí, ọjọ́ 5 sì ṣẹ́kù kí 56 tó pé. A gba yàrá kan fún un nítòsí ọsibítù ní ìlú tí ẹ̀rọ wà.

HMO rẹ̀ fọwọ́ sí ìgbà 10 lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kóòdù náà máa gbé ọ̀sẹ̀ 2. Ó gba 8. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ bàjẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó lọ sí Ìlá lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì padà ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó dé ibi kàǹtà lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, kóòdù yín ti kú. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn." Ìgbà 2 ṣì wà lórí kóòdù náà tí kò tíì lò, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Mo pe HMO láàárọ̀, mo pè wọ́n lọ́sàn-án. Ẹni tó gbé fóònù fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ìbéèrè tuntun ni, ó gbọ́dọ̀ tò. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kóòdù jáde, Ọjọ́rú ló padà sórí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ 4 ló bọ́. Ẹ̀rọ gba 2, ìwé gba 2. Ọjọ́ 4 yẹn ti ìtànṣán ìta kúrò ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ karùn-ún dé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń ṣe ti inú, ọjọ́ 4 di ọ̀sẹ̀ 1 odidi. Ọjọ́ 58 ni ó parí. Ó wà láàyè, ó ti padà sí kíláàsì, a dúpẹ́. Dókítà rẹ̀ sọ fún wa pé ọjọ́ 2 lórí 56 kì í ṣe ìdájọ́ ikú, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tó bá lọ fún àyẹ̀wò, tí a ń dúró de èsì, ọjọ́ 2 yẹn máa ń jókòó tì wá.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n ò rí ìkà kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Onímọ̀ ẹ̀rọ tún ẹ̀rọ ṣe ní kíákíá. Ọmọbìnrin ibi kàǹtà tẹ̀lé òfin. Ẹni tó wà lórí fóònù náà tẹ̀lé òfin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lójú Regaud, ìtọ́jú kan ni àbúrò mi ń gbà. Lójú kọ̀ǹpútà HMO, ìtọ́jú 25 ni, tí a lè dá dúró níbikíbi.

Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè

Ohun àkọ́kọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní owó púpọ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìtànṣán lódindi, láti ìgbà àkọ́kọ́ dé ìgbà tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ti inú bó bá wà nínú ètò. Kí ọjọ́ tí ìfọwọ́sí máa kú jẹ́ ọjọ́ tí ìtọ́jú bá parí. Owó náà kò ní pọ̀ sí i, torí iye kan náà ni aláìsàn máa gbà. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ fún ọjọ́ 2, ìwé kò ní tún bàjẹ́ lé e lórí.

Ohun kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà fúnra wọn. Fún jẹjẹrẹ ọmú, ìwádìí START tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2008 fi hàn pé ìgbà 15 láàrin ọ̀sẹ̀ 3 lè ṣe iṣẹ́ tí ìgbà 25 ń ṣe. Ní 2020, ìwádìí FAST-Forward fi hàn pé ìgbà 5 láàrin ọ̀sẹ̀ 1 lè tó fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí tiwọn ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2016, ìwádìí CHHiP fi hàn fún jẹjẹrẹ prostate pé a lè dín 37 kù sí 20. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn. Dókítà ló máa sọ ẹni tó bá mu. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ 5 tó di 3 jẹ́ owó yàrá ọ̀sẹ̀ 2 tó kù sí àpò rẹ̀. Ẹ bi dókítà yín léèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Títí ètò fi máa yí padà, iṣẹ́ ìsopọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ fa ìlà sí i kó di ọ̀nà mẹ́ta: ara, ọ̀nà, ìwé. Kí ọjọ́ tí dókítà dá wà ní ọ̀nà kìíní, kí ọkọ̀ àti ibùsùn wà ní èkejì, kí nọ́ńbà kóòdù, iye ìgbà tó kárí àti ọjọ́ tó máa kú wà ní ẹ̀kẹta. Bó bá ku ọjọ́ 5 tí kóòdù máa kú, ẹ béèrè fún èyí tó kàn. Ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe HMO, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sílé. Kí ẹ sì yan ẹnìkan nínú ẹbí tí iṣẹ́ rẹ̀ á jẹ́ fóònù pípè nìkan, kó má jẹ́ aláìsàn. Ara ń rẹ aláìsàn.

Bí ẹ bá lọ kí ẹnìkan tó wà lẹ́nu ìtọ́jú yìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í bí ara ṣe ń ṣe é, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó dìde, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni kóòdù rẹ̀ máa kú.